Ogún tí Kọ̀ǹténà ń Jẹ: Ètò DNS láti Ọ̀dọ̀ Kọ̀ǹpútà Linux àti Ìtúmọ̀ tí Ó ń Sọnù

0.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí Docker ti jáde ní ọdún 2013 ni ó ti di àṣà láàrin àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti máa di purogíráàmù sínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹténà kí wọ́n tó gbé e lọ sí orí kọ̀ǹpútà tí yóò ti ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹténà ní fáìlì tirẹ̀, ó sì ní nẹ́tíwọọ̀kì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kernel tirẹ̀. Kernel Linux ti kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń lò. Nínú bébà yìí, kọ̀ǹpútà náà ni yóò máa jẹ́ onílé, kọ̀ǹténà ni yóò sì máa jẹ́ ayálégbé.

Ọ̀kan nínú ohun tí ayálégbé yìí ń gbà lọ́wọ́ onílé ni ètò tí yóò fi mọ àdírẹ́sì àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, èyíinì ni ètò DNS. Lójú ẹni tí kò tíì fara balẹ̀ wò ó, kò yẹ kí wàhálà kankan wà nínú gbígbà yìí: fáìlì kan ni, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún kọ̀ǹténà, ó parí. Síbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pe orúkọ kan lórí onílé kí ó rí ìdáhùn, kí ó tún pe orúkọ kan náà nínú kọ̀ǹténà kí ó má rí nǹkan kan. Ohun tí ó burú ju èyí lọ tún lè ṣẹlẹ̀: ó lè rí ìdáhùn, kí ìdáhùn náà má ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ wá.

Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú fáìlì ni kọ̀ǹténà ń jogún, kì í ṣe ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú fáìlì yìí dà bí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ohun tí ó ń tọ́ka sí kì í yí padà. Díẹ̀ sì dà bí arọ́pò-orúkọ 'mi' tàbí ọ̀rọ̀ 'ibí', tí ènìyàn kò lè mọ ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí àfi bí ó bá mọ ẹni tí ó sọ wọ́n àti ibi tí ó ti sọ wọ́n. Irú ọ̀rọ̀ kejì yìí ni orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ wàhálà náà.

1.0 Fáìlì tí Wọ́n ń Jogún

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì ARPANET kò tíì pọ̀, fáìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ HOSTS.TXT ni ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo wọn nínú. Ilé-iṣẹ́ SRI ní California ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn yòókù sì ti ń lọ gba ẹ̀dà tiwọn. Nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ sí i, ètò yìí kò gbé e mọ́. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò DNS jáde nínú ìwé RFC 882 àti 883. RFC 1034 àti 1035 ti ọdún 1987 ni ó rọ́pò wọn. Láti ìgbà náà, kì í ṣe fáìlì gbogboogbò ni kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wò mọ́. Sáfà ni ó ń bi léèrè.

Lórí Linux, fáìlì tí ó ń sọ sáfà tí ó yẹ kí purogíráàmù bi léèrè ni /etc/resolv.conf. Àpẹẹrẹ (1) fi bí ó ṣe máa ń rí hàn:

(1)  nameserver 192.168.1.1
     nameserver 192.168.1.2
     search ile.example
     options timeout:5 attempts:2

Ọ̀rọ̀ 'nameserver' ń dárúkọ sáfà. 'Search' ń sọ ìparí tí wọ́n lè fi kún orúkọ kúkúrú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá pe 'iwe' lè máa wá 'iwe.ile.example'. 'Options' ń sọ bí wọ́n yóò ṣe béèrè. Àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ purogíráàmù Linux fi ń ka fáìlì yìí ni glibc. Kì í ka ju sáfà 3 lọ. Ní ìtẹ̀léra ni ó ń bi wọ́n. Ó ń dúró de sáfà kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ó sì ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, àyàfi bí wọ́n bá sọ fún un pé kí ó ṣe é lọ́nà mìíràn.

Kókó kan wà níhìn-ín tí àlàyé tí ó ń bọ̀ yóò nílò. Bí sáfà kìíní bá dákẹ́ ni glibc ń lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Bí sáfà kìíní bá dáhùn pé 'orúkọ yìí kò sí', ìdáhùn ni èyí jẹ́ lójú glibc. Kò ní tún bi èkejì léèrè.

Ó yẹ kí ènìyàn ya fáìlì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára /etc/hosts, níbi tí onílé lè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí fúnra rẹ̀. Docker kì í fi àwọn orúkọ tí onílé kọ sínú /etc/hosts jogún fún kọ̀ǹténà. Òmíràn ni ó ń kọ fún un. Nítorí náà, orúkọ tí ó jẹ́ pé inú /etc/hosts nìkan ni ó wà kò ní jẹ́ nínú kọ̀ǹténà rárá.

2.0 Àdírẹ́sì tí Ó Dà bí Arọ́pò-Orúkọ

Gbogbo àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127 jẹ́ àdírẹ́sì ìtọ́ka-ara-ẹni. Kọ̀ǹpútà tí ó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí 127.0.0.1, ara rẹ̀ ni ó rán an sí. Bí kọ̀ǹpútà ọgọ́rùn-ún bá pe 127.0.0.1, ohun ọgọ́rùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ọgọ́rùn-ún tí ó bá sọ pé 'èmi' kò ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan náà. Àdírẹ́sì bíi 192.168.1.1 kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin nẹ́tíwọọ̀kì kan, ohun kan náà ni ó jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá pè é.

Láti orí ìtẹ̀jáde 2.6.24, tí ó jáde ní ọdún 2008, ni kernel Linux ti bẹ̀rẹ̀ sí í lè pín nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ǹpútà kan sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní 'èmi' tirẹ̀. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹténà ń gbé. Nítorí náà, 127.0.0.1 ti kọ̀ǹténà kì í ṣe 127.0.0.1 ti onílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì wà.

Èyí kì bá tí ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú DNS bí àwọn kọ̀ǹpútà Linux kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdírẹ́sì ìtọ́ka-ara-ẹni sínú /etc/resolv.conf. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ dára. Agbódegbà kan wà lórí onílé tí ń gba ìbéèrè, tí ń pa ìdáhùn mọ́, tí ó sì mọ sáfà tí ó yẹ kí ó bi. Ní Ubuntu 12.04, tí ó jáde ní ọdún 2012 fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, dnsmasq ni agbódegbà náà. Ní Ubuntu 18.04, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, systemd-resolved ni, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ni 127.0.0.53. Gbogbo ohun tí ó máa ń wà nínú fáìlì onílé nígbà náà kò ju èyí lọ:

(2)  nameserver 127.0.0.53
     options edns0
     search ile.example

Lẹ́nu onílé, ìtúmọ̀ (2) ni 'bi agbódegbà tí ó wà nínú ilé mi'. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹnu ayálégbé láìyí i padà, 'ilé mi' ti di ilé ayálégbé, kò sì sí agbódegbà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé ni ó yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó túmọ̀ àdírẹ́sì.

3.0 Ohun Mẹ́ta tí Ó Lè Ṣẹlẹ̀

Nígbà tí àdírẹ́sì ìtọ́ka-ara-ẹni bá bọ́ sí ọwọ́ kọ̀ǹténà, ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀.

3.1 Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Bí fáìlì (2) bá wọ inú kọ̀ǹténà bí ó ti rí, ìbéèrè yóò lọ sí ẹnu-ọ̀nà 53 nínú yàrá kọ̀ǹténà, yóò sì bá a pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kernel yóò kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta, èyí ni ó dínkù ní ewu, nítorí pé ó hàn gbangba.

3.2 Ẹlòmíràn ni ó dáhùn. Àwọn tí ó ṣe Docker mọ̀ pé 3.1 lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, fún kọ̀ǹténà tí ó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì tí Docker fúnra rẹ̀ pèsè láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ 'bridge', Docker ń yọ gbogbo àdírẹ́sì ìtọ́ka-ara-ẹni kúrò nínú ẹ̀dà fáìlì náà. Bí kò bá sí sáfà kankan tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn yíyọ yìí, ó ń fi 8.8.8.8 àti 8.8.4.4 sí i. Sáfà tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2009 ni àwọn méjèèjì.

Àtúnṣe yìí mú kí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ máa jẹ́, ṣùgbọ́n ó bí ìṣòro méjì. Èkíní, ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní orúkọ tí sáfà abẹ́lé nìkan mọ̀ yóò rí i pé Google dáhùn pé orúkọ náà kò sí. Ìdáhùn náà tọ́ lójú Google, kò sì wúlò fún ẹni tí ó béèrè. Lẹ́yìn èyí, orúkọ abẹ́lé náà ti jáde síta. Ẹni tí kò yẹ kí ó gbọ́ ọ ti gbọ́ ọ. Èkejì, níbi tí ògiri-ààbò bá ti dí ọ̀nà sí sáfà ìta, ìdákẹ́jẹ́ ni kọ̀ǹténà yóò bá pàdé. Sáfà 2, ìgbìyànjú 2, ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: glibc lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí ó tó sọ pé òun kò rí ìdáhùn. Oníṣẹ́ tí ó ń wo iṣẹ́ tí ó ń falẹ̀ báyìí lè rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ni ó bàjẹ́, kí ó máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

3.3 Ẹni tí ó béèrè ni ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Èyí ni ó ṣe àjèjì jù, inú Kubernetes ni ó sì ti wọ́pọ̀. CoreDNS, èyí tí Kubernetes sọ di sáfà DNS àkọ́yàn rẹ̀ ní ìtẹ̀jáde 1.13 ní oṣù kejìlá ọdún 2018, máa ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà. Orúkọ tí kò bá mọ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí sáfà tí ó bá wà nínú /etc/resolv.conf tirẹ̀. Àtọ̀dọ̀ onílé ni fáìlì yìí sì ti wá. Bí 127.0.0.53 bá wà nínú rẹ̀, CoreDNS yóò fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ ìbéèrè ní ẹnu-ọ̀nà 53, yóò gbà á, kò ní mọ̀ ọ́n, yóò sì tún fi í ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ láìlópin. Àwọn tí ó ṣe CoreDNS fi ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ 'loop' sínú rẹ̀ láti mọ irú òbìrípo yìí. Bí ó bá rí i, ó ń dá CoreDNS dúró pátápátá. Kubernetes yóò tún gbé e dìde, yóò tún ṣubú, títí tí ọ̀rọ̀ náà 'CrashLoopBackOff' yóò fi hàn lójú ẹ̀rọ.

4.0 Ibòmíràn tí Ìtúmọ̀ ti ń Yẹ̀

Kì í ṣe àdírẹ́sì nìkan ni ìtúmọ̀ rẹ̀ so mọ́ ipò. Orúkọ kúkúrú, àkókò àti òǹkàwé náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

4.1 Orúkọ kúkúrú. Nínú Kubernetes, ìlànà tí wọ́n ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn ni 'ClusterFirst'. (Ìlànà kan wà tí ń jẹ́ 'Default', ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àkọ́yàn, òun ni ó ń sọ pé kí kọ̀ǹténà jogún fáìlì onílé, CoreDNS sì wà lára àwọn tí ń lò ó.) 'ClusterFirst' ń kọ ìparí mẹ́ta sí ẹ̀yìn 'search', ó ń so ìparí tí onílé ní mọ́ wọn, ó sì ń fi 'ndots:5' sí i. Ìtumọ̀ èyí ni pé orúkọ tí àmì ìdúró inú rẹ̀ kò bá tó 5 ni wọn yóò kọ́kọ́ dán wò pẹ̀lú àwọn ìparí náà. 'www.example.com' ní àmì ìdúró 2 péré. Bí onílé bá ní ìparí kan, ìparí 4 ni wọn yóò dán wò kí wọ́n tó pe orúkọ náà bí ó ti rí. Bí wọ́n bá sì ń béèrè àdírẹ́sì IPv4 àti IPv6 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìbéèrè 8 ni yóò lọ lófo kí 2 tí ó wúlò tó lọ. Ẹni tí ó bá fi àmì ìdúró sí ìparí orúkọ náà, 'www.example.com.', ti sọ pé orúkọ náà ti pé, kò sì ní sí àfikún kankan.

4.2 Àkókò. Ọjọ́ tí wọ́n pín ogún ni ogún ti rí bẹ́ẹ̀. Docker ń ṣe ẹ̀dà fáìlì nígbà tí kọ̀ǹténà bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà alágbèéká bá gbé e kúrò nílé lọ sí ibi iṣẹ́, fáìlì onílé yóò yí padà, àmọ́ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹténà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí 'bridge' kò ní yí padà títí tí wọn yóò fi dá a dúró kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìtẹ̀jáde 2.26 ti ọdún 2017 ni glibc ti ń tún fáìlì náà kà fúnra rẹ̀ bí ó bá rí i pé ó ti yí padà. Èyí ran purogíráàmù orí onílé lọ́wọ́. Kò ran ti inú kọ̀ǹténà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀dà tirẹ̀ kò yí padà.

4.3 Òǹkàwé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà ni wọ́n kọ́ sórí Alpine Linux nítorí pé ó kéré. Alpine kì í lo glibc. Musl ni ó ń lò. Musl kì í bi sáfà ní ìtẹ̀léra. Gbogbo wọn ni ó ń bi lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó sì ń gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ sáfà abẹ́lé ṣáájú, tí ó kọ sáfà ìta tẹ̀lé e, ti sọ ohun kan fún glibc, ó sì ti sọ ohun mìíràn fún musl. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kà, ohun méjì ni wọ́n gbọ́.

5.0 Ọ̀nà Àtúnṣe

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà láti dá ìtúmọ̀ padà fún ogún yìí, yàtọ̀ sí yíyọ tí 3.2 ti mẹ́nu bà.

5.1 Wíwá orísun. Lórí onílé tí ó ń lo systemd-resolved, fáìlì mìíràn wà, /run/systemd/resolve/resolv.conf, tí àdírẹ́sì àwọn sáfà gan-an wà nínú rẹ̀. Àwọn ìtẹ̀jáde Docker tí ó dé lẹ́yìn ń kà á dípò fáìlì (2) bí wọ́n bá rí i pé 127.0.0.53 nìkan ni ó wà níbẹ̀. Nínú Kubernetes, kubelet ni ó yẹ kí wọ́n darí sí fáìlì yìí, kubeadm sì lè ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ìbéèrè 3.1 àti 3.3 ni èyí dáhùn.

Síbẹ̀, ohun kan sọnù. Agbódegbà mọ̀ pé sáfà VPN ni ó yẹ kí ó bi nípa orúkọ ibi iṣẹ́, àti pé sáfà ilé ni ó yẹ kí ó bi nípa ìyókù. Fáìlì lásán kò ní ibi tí yóò kọ ìmọ̀ yìí sí. Orúkọ sáfà nìkan ni ó lè tò. Bí sáfà ilé bá wà lókè, yóò dáhùn pé orúkọ ibi iṣẹ́ kò sí, glibc yóò sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbi sáfà VPN léèrè rárá.

5.2 Fífún ayálégbé ní agbódegbà tirẹ̀. Láti ìtẹ̀jáde 1.10 ti ọdún 2016, kọ̀ǹténà tí ó bá wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì tí oníṣẹ́ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rí 127.0.0.11 nínú fáìlì tirẹ̀. Àdírẹ́sì ìtọ́ka-ara-ẹni ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ń dáhùn níbẹ̀. Docker ti kọ òfin sínú yàrá kọ̀ǹténà pé kí gbogbo ìbéèrè tí ó bá lọ síbẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ òun. Docker ń dáhùn nípa orúkọ àwọn kọ̀ǹténà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí sáfà tí onílé ní. Ẹ̀rí ni èyí pé arọ́pò-orúkọ kò ní àléébù nínú ara rẹ̀. Kí a máa gbé e kúrò ní ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́ láìwo ibi tí ó ń lọ ni àléébù.

5.3 Sísọ ọ́ ní gbangba. Oníṣẹ́ lè fi '--dns' yan sáfà fún kọ̀ǹténà kan, tàbí kí ó kọ 'dns' sínú /etc/docker/daemon.json fún gbogbo kọ̀ǹténà orí onílé náà. Níbi tí orúkọ abẹ́lé bá ti ṣe pàtàkì, ọ̀nà yìí ni ó dájú jù láti má ṣe fi ìpinnu sílẹ̀ fún 8.8.8.8. Iṣẹ́ tí ó ń bí ni pé bí àdírẹ́sì sáfà abẹ́lé bá yí padà, ènìyàn ni yóò tún un kọ.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé ẹ̀dà /etc/resolv.conf tí kọ̀ǹténà ń gbà lè jọ ti onílé ní gbogbo ọ̀nà, kí ìtúmọ̀ rẹ̀ má sì jọ ọ́, nítorí pé ibi tí wọ́n ti kà á, ìgbà tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹni tí ó ń kà á ni ìtúmọ̀ rẹ̀ so mọ́. Ó tún ti fi hàn pé ọ̀nà àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń gbà là àti ohun tí ó ń sọ nù.

Ohun tí ó jáde nínú èyí fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ni pé ìdánwò tí ó ṣe lórí onílé kì í ṣe ẹ̀rí nípa kọ̀ǹténà. Inú kọ̀ǹténà ni ó yẹ kí ó ti ka fáìlì náà, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: ǹjẹ́ àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127, bí ó bá sì wà, ta ni ó ń dáhùn níbẹ̀? Ǹjẹ́ sáfà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà kò yàn? Ǹjẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì onílé ti yí padà láti ìgbà tí kọ̀ǹténà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ ibi tí orúkọ tí kò jẹ́ ti sọnù, kí ó tó fọwọ́ kan okùn nẹ́tíwọọ̀kì kankan.